Ìwé Tí Ń Jà àti Ìwé Tí Ń Bọ́ Ọ: Àwọn Atẹ̀wéjáde Olómìnira ní Ìkẹjà, 1966 sí 2009

Ìfáárà

 

Bí a bá dárúkọ ìwé títẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ni ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń lọ. Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní ọdún 1859. Ìbàdàn ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́ fìdí kalẹ̀ sí lẹ́yìn tí a dá yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1948. Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ Ìkẹjà àti Agége, táyà, aṣọ, ọtí àti bisikíìtì ni a máa ń rántí, nítorí pé ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni ó kún àgbègbè náà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí gan-an ni a ti rí díẹ̀ nínú àwọn tí ó fi ìwé títẹ̀ bá ìjọba jà jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ìbéèrè tí mo gbé dání kò le, ṣùgbọ́n a kì í sábà bi í: ìwé tí ó ń bá aláṣẹ wí, owó ta ni a fi ń tẹ̀ ẹ́? Àwọn àgbà ní ẹnu tí ó ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Wọ́n tún ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Láàárín òwe méjèèjì yìí ni gbogbo atẹ̀wéjáde olómìnira ń gbé. Bí ó bá jẹun lọ́wọ́ ìjọba, ẹnu rẹ̀ di. Bí kò bá sì jẹun rárá, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kú. Èrò mi ni pé àwọn tí ó yege ní Ìkẹjà yege nítorí pé wọ́n ní irú ìwé méjì lórí àtẹ wọn: ìwé tí ń jà, àti ìwé tí ń bọ́ èyí tí ń jà.

Ilẹ̀ tí àwọn ilé ìtẹ̀wé náà dúró lé

Kí n tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí a wo ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí ojú irin gba Agége kọjá lọ sí Abẹ́òkúta ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oko ni àgbègbè náà. Àwọn ọmọ Èkó bí Jacob Kẹ́hìndé Coker gbin kòkó síbẹ̀, lẹ́yìn náà ni obì gba ipò iwájú, tí a fi ń kó obì Agége lọ sí òkè Ọya. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí fi sílẹ̀ fún àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn ni ojú ọ̀nà: ojú irin àti títì tí ó so etíkun pọ̀ mọ́ àárín orílẹ̀-èdè.

Títí di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà wà, kì í ṣe abẹ́ ìjọba àpapọ̀ bí erékùṣù Èkó. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ní ọdún 1976 ni Ìkẹjà di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó. Ibi tí iná mànàmáná, òṣìṣẹ́ tí ó mọ ẹ̀rọ, títì tí ń lọ sí èbúté Àpápá tí bébà ti ń wọlé, àti pápákọ̀ òfurufú bá wà pọ̀, kò yani lẹ́nu bí àwọn atẹ̀wé bá rọ́ lọ síbẹ̀. Longman fìdí kalẹ̀ sí òpópónà Ọba Akran. Daily Times kọ́ ilé rẹ̀ sí Agídìngbì. Concord ti M.K.O. Abíọ́lá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1980, ó sì ní ìwé ìròyìn Yorùbá tí a pè ní Ìsọ̀kan. Newswatch jáde ní Orẹ́gùn ní oṣù kìíní ọdún 1985, Tell tẹ̀lé e ní ọdún 1991, TheNEWS sì dé ní ọdún 1993.

Nínú gbogbo wọn, ìtàn Daily Times ni ó kọ́ àwọn yòókù lọ́gbọ́n. Ní ọdún 1975 ni ìjọba ológun gba ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín ilé-iṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tí ó ti ilé náà pa, kò sì sí ẹni tí ó fọ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Ìwé ìpín nìkan ni ó yí ọwọ́ padà. Láti ọjọ́ náà ni ó ti hàn sí gbogbo ẹni tí ó lójú pé aláṣẹ tí kò bá fẹ́ gbọ́ ohùn ìwé kan lè dá a dúró láìlo ọlọ́pàá kankan, bí ó bá ti di olówó rẹ̀.

Jákàńdè àti John West

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni Látéèfù Jákàńdè, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1929. Ó ti jẹ́ olóòtú àgbà Nigerian Tribune láti ọdún 1956. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kan Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, Jákàńdè wà lára àwọn tí adájọ́ Ṣówẹ̀mímọ́ rán lọ sí ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1963. Ní ọdún 1966 tí wọ́n dá a sílẹ̀ ni ìwé rẹ̀ lórí ìgbẹ́jọ́ náà, The Trial of Obafemi Awolowo, jáde. Orúkọ méjì ni ó wà lára ìwé náà: ti Secker & Warburg ní Lọ́ńdọ̀nù, àti ti John West Publications ní Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ni ó kọ ìwé ìgbẹ́jọ́ ara rẹ̀, tí ó sì tún fi orúkọ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sí i. Ṣáájú àkókò náà, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó fẹ́ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń wá òyìnbó tí yóò gbà á. Pàtàkì ohun tí Jákàńdè ṣe ni pé ó mú apá kan iṣẹ́ náà wá sílé.

Ní ọdún 1975 ó fi Tribune sílẹ̀ láti dojú kọ John West. Ilé-iṣẹ́ náà fìdí kalẹ̀ sí òpópónà Acme ní Ògbà, láàárín Ìkẹjà àti Agége. Ìwé tí ń bọ́ ilé náà ni irú èyí tí oníṣòwò àti ọ́fíìsì ń fi owó gidi rà: West Africa Annual, ìwé ọdọọdún tí Jákàńdè fúnra rẹ̀ ń ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó kún fún ìsọfúnni nípa àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kò sí ìjà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òrùlé kan náà ni Awo on the Nigerian Civil War ti jáde ní ọdún 1981, nínú èyí tí Awólọ́wọ̀ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ogun abẹ́lé jọ, tí Bọ́lá Ìgè sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i.

Síbẹ̀, ìṣòro kan ti wọlé nígbà náà. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1979 títí di òpin ọdún 1983, Jákàńdè ni gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó. Ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé gbígbé tí ó kọ́ kò ṣeé kà tán, n kò sì wá láti dín iyì rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ilé ìtẹ̀wé tí olówó rẹ̀ jókòó lórí àga ìjọba, ta ni yóò bi olówó rẹ̀ léèrè? Láàárín ọdún 1993 sí 1995 ó tún jẹ́ mínísítà lábẹ́ Ọ̀gágun Sani Abacha, nígbà tí ìjà lórí ìdìbò June 12 gbóná janjan. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú agbo Awólọ́wọ̀ kò fara mọ́ ìgbésẹ̀ náà. Bí a bá fi ojú ìtàn ìwé wò ó, John West ní ìwé tí ń bọ́ ọ, ó sì ní ìwé tí ń jà, ṣùgbọ́n ìjà náà jẹ́ ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà bá wọ ààfin, idà rẹ̀ a padà sínú àkọ̀.

Ewu tí ó wà nínú irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ tún hàn ní Àkúrẹ́, níbi tí ó ti burú ju ti Ìkẹjà lọ. Ọláìyá Fágbàmígbé ni ó tẹ ìwé mẹ́ta tí Awólọ́wọ̀ fi kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ ní ọdún 1981: Voice of Reason, Voice of Courage àti Voice of Wisdom. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1983, tí ó ti kúrò lẹ́yìn Awólọ́wọ̀, àwọn èrò tí inú ń bí nítorí ìdìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó pa á. Ìwé tí ó tẹ̀ kò gbà á sílẹ̀. Atẹ̀wéjáde tí àwọn òǹkàwé rẹ̀ bá ti kà mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ní láti ru ẹrù ìbínú ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú.

Gàní Fáwẹ̀hìnmi àti àkójọ ìdájọ́

Ẹnì kejì gba ọ̀nà mìíràn. Gàní Fáwẹ̀hìnmi, ọmọ Oǹdó, tí a bí ní ọdún 1938, di agbẹjọ́rò ní ọdún 1965. Ilé rẹ̀ wà ní GRA Ìkẹjà. Ilé ìkàwé tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì wà ní òpópónà Ajao, tí ó yà láti Adéníyì Jones. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé láti ọdún 1974 tí People's Right to Free Education ti jáde. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó sọ ọ́ di atẹ̀wéjáde ńlá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1985. Nigerian Weekly Law Reports ni orúkọ rẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé irú ìwé tí èyí jẹ́ fún àwọn tí kì í ṣe amòfin láàárín wa. Ní ilé ẹjọ́ tiwa, ìdájọ́ àná ni òpó tí ìdájọ́ òní dúró lé. Ohun tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ bá wí, gbogbo ilé ẹjọ́ tí ó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n báwo ni adájọ́ tí ó wà ní Sókótó tàbí Calabar yóò ṣe mọ ohun tí a wí? Àwọn àkójọ ìdájọ́ tí ó wà ṣáájú máa ń pẹ́ kí ó tó jáde, nígbà mìíràn ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìdájọ́. Gàní sọ ọ́ di ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Láti ìgbà náà, ìdájọ́ tí ó bá ta ko ìjọba kò tún lè sùn sínú fáìlì.

Ẹ rántí àkókò tí ó bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ológun ni ó wà lórí oyè. Òfin kejì ọdún 1984 fún wọn lágbára láti ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Òfin kẹrin ọdún náà ni wọ́n fi sọ Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn The Guardian, sẹ́wọ̀n. Nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ní ọdún 1986 pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò ní ẹ̀tọ́ láti fi agbára lé Odumegwu Ojukwu kúrò nínú ilé nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà níwájú adájọ́, àkójọ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ yìí ni ó gbé e dé orí tábìlì àwọn agbẹjọ́rò káàkiri. Wọ́n sì ń tọ́ka sí i títí di òní pé ìjọba pàápàá wà lábẹ́ òfin.

Ọ̀nà tí ìwé náà gbà ń jà kò ní ariwo. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ìdájọ́ tí ìjọba jàre wà níbẹ̀, èyí tí ó jẹ̀bi náà wà níbẹ̀. Nítorí náà ni àwọn agbẹjọ́rò ìjọba pàápàá kò fi lè ṣe iṣẹ́ wọn láìní in lọ́wọ́. Ìjọba tí ó ń ti atẹ̀wéjáde mọ́lé kò lè wọ ilé ẹjọ́ láìṣí ìwé rẹ̀. N kò mọ àpẹẹrẹ òmìnira atẹ̀wéjáde tí ó dára ju èyí lọ ní ilẹ̀ wa.

Owó tí ó ń ti ara ìwé yìí wọlé gba Gàní láyè láti tẹ àwọn ìwé tí ń jà. Nigerian Law of Habeas Corpus jáde ní ọdún 1986: ìwé lórí bí a ṣe ń gba ènìyàn kúrò ní àtìmọ́lé, láti ọwọ́ ẹni tí àtìmọ́lé kì í ṣe àjèjì sí. Ìwé rẹ̀ lórí òfin iṣẹ́ ìròyìn tẹ̀lé e ní ọdún 1987.

Èyí tí ó mú ọkàn mi jù ni ti Délé Gíwá. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1986 ni bọ́ǹbù inú ìwé pa olóòtú àgbà Newswatch náà nínú ilé rẹ̀ ní òpópónà Talabi, Ìkẹjà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1987, ìjọba fòfin de Newswatch fún oṣù 6 nítorí pé ó tẹ ìròyìn ìgbìmọ̀ òṣèlú jáde kí ìjọba tó kéde rẹ̀. Nígbà tí ẹnu ìwé ìròyìn náà wà ní dídì, Gàní, tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò Gíwá, ń bá ẹjọ́ náà lọ láti ilé ẹjọ́ kan sí èkejì. Ó ní bí ìjọba kò bá fẹ́ pe ẹni tí òun fura sí lẹ́jọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun pè é. Ní oṣù kejìlá ọdún 1987, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbà pé ọmọ orílẹ̀-èdè lásán ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìwà ọ̀daràn kan gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 1988 ni ó tẹ Murder of Dele Giwa: The Right of a Private Prosecutor jáde. Ilé ẹjọ́ kankan kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí ẹjọ́ náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ti wọ inú ìwé, ìwé sì ti wọ inú òfin. A lè sọ pé ẹjọ́ náà kò dé ibi tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n ìwé dé ibẹ̀.

Bákan náà ni ti ọdún 1996. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún náà, àwọn òṣìṣẹ́ aláàbò mú Gàní nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà láìsí ìwé àṣẹ, wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Bauchi. Ẹjọ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, tí ó sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2000 pé Àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tí Nàìjíríà sọ di òfin ní ọdún 1983, jẹ́ òfin tí ilé ẹjọ́ wa gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Nínú àkójọ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ti ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ni a ti ń ka ìdájọ́ náà.

Ìpàdé gbangba

Ìwé kì í dá rìn. Ó ń wá ẹnu tí yóò kà á sókè láàárín àwùjọ. Ní ilẹ̀ wa, àṣà tí ó gbilẹ̀ ni ìkójáde ìwé: a ó pe àwọn ọlọ́lá sí orí àga, olùkójáde àgbà yóò dìde, yóò sì dárúkọ iye tí òun fi ra ẹ̀dà kan. Mo ti ń wo àṣà yìí tipẹ́, ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé owó tí òǹkàwé ìbá san ni ọlọ́lá kan ń san lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé tí ọlọ́lá bá sì ti ra tán lọ́jọ́ kan kò nílò òǹkàwé mọ́. Ibẹ̀ ni ó máa ń kú sí.

Àwọn ìpàdé tí Gàní ń pè yàtọ̀ sí èyí. Kì í ṣe láti ta ìwé ni ó ṣe ń pe ènìyàn jọ, ohun tí ó wà nínú ìwé ni ó fẹ́ kí wọ́n jíròrò. Èyí tí ó lókìkí jù ni ti oṣù kẹfà ọdún 1989. Ètò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986, ti sọ nǹkan di ọ̀wọ́n, ìwọ́de sì ti gba ìgboro. Ìjọba ní kò sí ọ̀nà mìíràn. Gàní pe àpérò kan láti sọ ọ̀nà mìíràn, àwọn àgbà bíi Táì Ṣólàrín àti Michael Imoudu sì wà nínú rẹ̀. Ìjọba dá àpérò náà dúró, wọ́n mú àwọn tí ó pè é, wọ́n sì gbé Gàní lọ sí ẹ̀wọ̀n Gashua. Ìjọba tí ó ń jẹ́ kí àkójọ ìdájọ́ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò lè fara da kí ènìyàn jókòó sọ̀rọ̀ nípa iye tí a ń ra gààrí. Ó hàn gbangba pé ibi tí ìwé bá ti pàdé àwùjọ ni aláṣẹ ti ń bẹ̀rù rẹ̀ jù lọ.

Ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò parẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Agbẹjọ́rò ẹ̀ka Ìkẹjà sọ ọ́ di àṣà láti máa ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún. Ó dára kí a rántí pé Ẹgbẹ́ Agbẹjọ́rò kan náà ni ó ti bá a ní gbólóhùn asọ̀ nígbà tí ó lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ àwọn ológun ní ọdún 1984, tí ẹgbẹ́ ti ní kí ẹnikẹ́ni má lọ.

Ibi tí ó kù sí

Èmi kò fẹ́ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí di oríkì. Ohun méjì ni ó kù nínú ìtàn tí mo sọ. Èkíní ni èdè. Gbogbo ìwé tí mo ti dárúkọ rẹ̀ ní Ìkẹjà, láti ti Jákàńdè dé ti Gàní, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Òṣìṣẹ́ tí ń jáde láti ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Ọba Akran ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ̀tọ́ tí a ń jà fún jẹ́ tirẹ̀ gan-an, kò lè ka ìdájọ́ tí ó dá a láre. Nígbà tí Àlàó Adédáyọ̀ fi ìwé ìròyìn Aláròyé dojú kọ ọ̀rọ̀ òṣèlú ní èdè Yorùbá ní ọdún 1996, àwọn òǹkàwé rọ́ tọ̀ ọ́ lọ. Èyí fi hàn pé òùngbẹ náà ti wà tipẹ́. Ìwé òfin ni kò bu omi fún wọn mu.

Èkejì ni pé orúkọ ẹnì kan ni ó gbé ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ró. Gàní papọ̀ dà ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, Jákàńdè sì tẹ̀lé e ní ọdún 2021. Àkójọ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ náà ṣì ń jáde, nítorí pé ìwé tí ń bọ́ni kì í tètè kú. Ṣùgbọ́n ìwé tí ń jà, ẹni tí yóò kọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ọgbọ́n àtijọ́ náà kò parẹ́ ṣá. Parresia, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2012, tí ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní òpópónà Allen ní Ìkẹjà, mú orúkọ rẹ̀ láti inú èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí a sọ láìbẹ̀rù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìwé tí ó yàn fúnra rẹ̀, ó ní ẹ̀ka kan, Origami, tí òǹkọ̀wé ti ń san owó iṣẹ́ ìwé tirẹ̀. Apá kan ń bọ́ èkejì, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i ní Ògbà ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn.

Ìgúnlẹ̀

Mo bi yín ní ìbẹ̀rẹ̀ pé owó ta ni a fi ń tẹ ìwé tí ó ń bá aláṣẹ wí. Ìtàn Ìkẹjà dáhùn pé owó òǹkàwé ni, bí òǹkàwé náà bá pọ̀ tó, tí ohun tí a ń tà fún un sì jẹ́ ohun tí kò lè ṣe aláìní. Owó ẹgbẹ́ òṣèlú lè tẹ ìwé, ṣùgbọ́n yóò béèrè ìwé náà padà lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá dé orí oyè. Owó ọlọ́lá lè kó ìwé jáde, ṣùgbọ́n kì í wá òǹkàwé fún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú láti dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀, kí ìwé tí inú yín ń ru sí láti kọ tó dé, ẹ kọ́kọ́ wá èyí tí àwọn ènìyàn yóò máa rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ṣe é dáadáa. Ẹ ṣe é ní òtítọ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ ṣe é ní èdè tí ìyá yín lè kà. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó rí ẹsẹ̀ tí ẹ ó fi dúró nígbà tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn.